Ẹyẹ Ló Ń Gbé Ìdílé Igi Rìn

Ẹ̀kọ́ ewé fún àwọn ìyàwó òrìṣà àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa

  Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tó ti kọjá, a ti kọ́ orúkọ ewé, a ti kọ́ bí a ṣe ń já a, a sì ti kọ́ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ sínú omi. Lónìí, a fẹ́ béèrè ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà béèrè. Igi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, ta ló gbìn ín? Báwo ló ṣe dé ibi tó wà? Àwọn igi tó dúró pọ̀ nínú igbó, tí ojú wa ń wò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n lóòótọ́?

Ẹ má ṣe sọ pé ìbéèrè àwọn oníwèé nìyẹn, pé kò kàn wá. Àwọn àgbà ní kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Ẹni tó ń já ewé láìmọ bí igi ṣe ń bímọ, ó lè máa já a lọ títí tí igi ò fi ní kù mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ.

1. Ìtàn igbá Òsányìn

Àwọn àgbà, pàápàá àwọn tó gba àṣà yìí ní Kúbà àti ní Bràsíl, máa ń sọ ìtàn kan. Wọ́n ní láyé àtijọ́, Òsányìn nìkan ló ni gbogbo ewé. Inú igbá kan ló kó wọn sí, ó sì so igbá náà rọ̀ sórí igi. Òrìṣà tó bá fẹ́ ewé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ tọrọ. Èyí ò tẹ́ Ṣàngó lọ́rùn. Ó bẹ Ọya, ìyàwó rẹ̀. Ọya gbé ìjì dìde, igbá já bọ́, ewé sì fọ́n ká. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan sáré ṣa èyí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ ewé, ọwọ́ Òsányìn náà ló kù sí.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí gbogbo ewé bá wà nínú igbá kan ṣoṣo, tí igbá yẹn bá jóná, ó parí nìyẹn. Ewé tó fọ́n ká ló ní ààbò. Ohun tí ìtàn yìí sọ nípa ewé ni igbó ń fi kóró èso ṣe lójoojúmọ́. Ibì kan wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé kóró kiri. Ibòmíì, omi ni. Ní Katy níbí, fún igi tí a fẹ́ kọ́ lónìí, ẹyẹ ni.

2. Igi yaupon

Bí ẹ bá rìn nínú igbó tó wà lẹ́bàá Buffalo Bayou, tàbí nínú igbó Barker Reservoir ní ìlà-oòrùn Katy, ẹ ó rí igi kúkúrú kan tó pọ̀ lábẹ́ àwọn igi ńlá. Ewé rẹ̀ kéré, ó ń dán, etí ewé náà rí gbágungbàgun díẹ̀, kì í sì í wọ́ ní ìgbà òtútù. Èso rẹ̀ pupa bí ìlẹ̀kẹ̀. Yaupon ni wọ́n ń pè é. A máa ń pe é ní "yọ́pọ̀n" lẹ́nu wa. Láti Virginia títí dé Texas ló ń hù fúnra rẹ̀.

Àwọn onílẹ̀ tó wà níbí kí àwọn Òyìnbó tó dé mọ igi yìí dáadáa. Wọ́n máa ń yan ewé rẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á mu ún bí tíì, nítorí pé ohun tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn wà nínú rẹ̀. Cabeza de Vaca, ará Sípéènì tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ fọ́ lẹ́bàá Galveston ní 1528, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun rí àwọn èèyàn etíkun yìí tí wọ́n ń mu omi ewé tí wọ́n sè. Lápá ibi púpọ̀, ohun mímu ètùtù àti ti ìpàdé àwọn àgbà ni. Nítorí náà, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Àwa kọ́ la kọ́kọ́ mọ̀ pé ewé ilẹ̀ yìí ní agbára.

Ìkìlọ̀ kan rèé fún àwọn ọmọdé: ewé la sọ pé wọ́n ń sè. Èso pupa yẹn, ẹ má fi sẹ́nu o. Ó ń rú èèyàn nínú. Oúnjẹ ẹyẹ ni.

3. Akọ àti abo

Igi yaupon kan jẹ́ akọ, òmíràn jẹ́ abo. Àwọn méjèèjì ló máa ń tanná funfun wẹ́ẹ́rẹ́ nígbà ìrúwé, ṣùgbọ́n abo nìkan ló ń so èso. Kòkòrò oyin ló ń gbé eruku òdòdó láti ara akọ lọ sára abo. Bí kò bá sí akọ nítòsí, abo ò ní so bó ṣe yẹ.

Ẹ rántí ìrókò. Ìrókò náà ní akọ, ó ní abo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ńlá ni. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé irú igi bẹ́ẹ̀ ò lè fún ara rẹ̀ lóyún. Gbogbo ọmọ tó bá bí nípasẹ̀ kóró gbọ́dọ̀ ní ìyá kan àti bàbá kan. Èso yaupon kan sábà máa ń ní kóró mẹ́rin nínú. Ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jọra tán, bí ọmọ ìyá mẹ́rin nínú ilé kan ò ṣe jọra tán.

4. Ohun tó wà nínú kóró

Nínú gbogbo ohun tó lẹ́mìí, iṣẹ́ kan wà tí a kọ sínú ara rẹ̀, tó ń sọ bí yóò ṣe ga tó, bí ewé rẹ̀ yóò ṣe rí, bí yóò ṣe fara da òtútù tàbí ọ̀dá. Jíìnì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹ lè wò ó bí ìlà tí a kọ sójú ọmọ nílé àtijọ́, tó ń fi ìdílé hàn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé inú ara ni ìlà yìí wà, a ò lè fi ojú lásán rí i.

Kóró kọ̀ọ̀kan gba ìdajì jíìnì rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, ó gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí igi bá fẹ́ bímọ, a tún jíìnì yìí pò, bí ìgbà tí babaláwo ń po ikin láàrin ọwọ́ méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí igi kan nínú igbó fi lè fara da omi tó dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí èkejì rẹ̀ ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì yẹn ẹ̀wẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ọ̀dá ò lè pa. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tí ọ̀la máa béèrè. Igbó tó ní oríṣiríṣi nínú ló ní ìdáhùn púpọ̀ nílẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

5. Iṣẹ́ ẹyẹ

Bí èso bá bọ́ sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kóró á hù sínú òjìji ìyá, òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ á máa du omi àti oòrùn. Díẹ̀ ló máa dàgbà. Ẹyẹ ló ń yọ wọ́n níbẹ̀.

Ní Katy, mockingbird, tó jẹ́ ẹyẹ ìpínlẹ̀ Texas láti 1927, máa ń jẹ èso yaupon. Robin náà ń jẹ ẹ́. Ní ìgbà òtútù, cedar waxwing á dé láti àríwá ní agbo-agbo, wọ́n lè jẹ èso orí igi kan tán láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ẹyẹ á gbé èso mì, ikùn rẹ̀ á bọ́ ẹran ara èso náà kúrò, yóò sì su kóró síbi tó bá bà lé. Ẹ lọ wo abẹ́ wáyà iná àti ẹ̀gbẹ́ ọgbà tí wọ́n fi pákó ṣe. Ẹ ó rí yaupon kéékèèké tó tò lọ bí ẹni pé ẹnì kan fi okùn wọ̀n wọ́n. Ibi tí ẹyẹ máa ń bà sí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ka ìrìn náà. Oyin gbé eruku òdòdó láti ọ̀dọ̀ bàbá wá sọ́dọ̀ ìyá: ìrìn kìíní. Ẹyẹ gbé kóró kúrò lọ́dọ̀ ìyá lọ sí igbó míì: ìrìn kejì. Ọmọ náà á dàgbà níbẹ̀, á fẹ́ ẹlòmíì tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Báyìí ni jíìnì igbó kan ṣe ń dé inú igbó kejì, tí ìdílé méjì fi ń di àna.

Bákan náà ló rí nílé. Àdán ńlá tó ń jẹ èso ló ń gbé kóró ìrókò kiri. Ó ń jẹ èso rẹ̀ lóru, ó ń fò lọ, ó sì ń su kóró sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn àdán yìí pọ̀ gan-an nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló mọ ariwo wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá ń pa àdán ní ìpakúpa, kó mọ̀ pé òun ń dí ọ̀nà mọ́ ìrókò.

6. Igi kan tó di púpọ̀

Yaupon tún ní ọ̀nà kejì tó fi ń pọ̀ sí i. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń hù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà míì ẹ ó rí ìṣù igi tó dí, ẹ ó ka ogún ọ̀pá níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo ni. Jíìnì kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Akọ ni gbogbo wọn, tàbí abo ni gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni igi tí a gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn. Àwọn tó ń ta igi gbíngbìn ní Houston ń ta yaupon tí wọ́n sọ lórúkọ, bíi "Pride of Houston," abo tó ń so èso gan-an. Ara ẹ̀ka ni wọ́n ti ń mú un pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ra mẹ́wàá, ẹ̀yà igi kan náà ni ẹ rà lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Kò sí ohun tó burú nínú gígé ẹ̀ka gbìn. Nílé, bí a ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́ nìyẹn, bí a sì ṣe ń gbin pẹ̀rẹ̀gún àti akòko nìyẹn. Ewu ibẹ̀ ni kí ẹ̀ka gbogbo wá láti ara ìyá kan. Ohun tó bá lè pa ọ̀kan á lè pa gbogbo wọn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ireland. Pòtétò ni oúnjẹ àwọn tálákà ibẹ̀, irú kan tí wọ́n ń pè ní Lumper ni wọ́n sì gbìn jù. Ara pòtétò náà ni wọ́n ń gé gbìn, wọn kì í gbin kóró rẹ̀. Ní 1845, àrùn kan wọ oko. Nítorí pé ẹ̀yà kan náà ló kún oko, kò sí èyí tó lè dá àrùn náà dúró. Láàrin ọdún mélòó kan, nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn kú, àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ sì sá kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá sí Amẹ́ríkà. Ìjọba tó wà lórí wọn nígbà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ìyàn yẹn, ṣùgbọ́n ibi tí ìyàn ti rí ilẹ̀kùn wọlé ni oko tí ohun gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ní ti àwa náà, ẹ jẹ́ ká rántí oṣù Èrèlé 2021. Ní ọjọ́ 16 oṣù yẹn, òtútù Houston lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 13 Fahrenheit. Pẹ̀rẹ̀gún tó wà níta dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná. Ilé tó ní ọ̀kan nínú ìkòkò nínú ilé ni àwọn yòókù lọ gba ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀. Yaupon inú igbó ò mira. Igi ilẹ̀ yìí ni. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ti rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ rí, èyí tí kò lè fara dà á ti kú tipẹ́, èyí tó lè fara dà á ló bímọ.

7. Nígbà tí ọ̀nà bá gé igbó sí wẹ́wẹ́

Katy tí a mọ̀ lónìí, pápá koríko àti oko ìrẹsì ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, igbó sì wà ní etí odò. Ilé ti kún un. Ní 2013, wọ́n ṣí apá Grand Parkway tó so ọ̀nà I-10 mọ́ ọ̀nà 290, ó sì gba inú pápá Katy kọjá. Àwọn èèyàn kan ti ń gbìyànjú láti dáàbò bo ohun tó kù: ní 1992 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Katy Prairie Conservancy sílẹ̀, tó ń jẹ́ Coastal Prairie Conservancy báyìí, wọ́n sì ń ra ilẹ̀ kí ilé má baà gbà á tán.

Bí igbó bá di wẹ́wẹ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí jíìnì? Ẹ ṣe ìdánwò yìí nínú kíláàsì. Ẹ kó 100 ìlẹ̀kẹ̀ sínú àpò: funfun 50, pupa 25, aró 15, aláwọ̀ ewé 8, aláwọ̀ ìyeyè 2. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún irú jíìnì kan. Ẹ pa ojú dé, kí ẹ bu 10 jáde. Àwọn 10 yẹn ni igi tó kù lẹ́yìn tí katakata ti kọjá. Ẹ kọ àwọ̀ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ dá wọn padà, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ẹ ó rí i pé nínú ìgbà 10, bíi ìgbà 8 ni aláwọ̀ ìyeyè ò ní sí nínú ohun tí ẹ bù. Kò ṣẹ̀, kò rò. Ó kéré ni. Bẹ́ẹ̀ ni agbo igi kékeré ṣe ń pàdánù. Lẹ́yìn náà, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ọmọ ìyá ara wọn, àìlera tó fara pamọ́ á sì jáde. Bó bá jẹ́ pé ẹyẹ ṣì ń fò láàrin igbó kan sí èkejì, ó lè dá aláwọ̀ ìyeyè padà. Bí kò bá sí ẹyẹ mọ́, tàbí tí kò sí èso tí ẹyẹ máa jẹ, ìyẹn ti lọ nìyẹn.

8. Ẹyẹ kì í yan tẹni

Ohun kan ṣì kù. Ẹyẹ ò mọ onílé, kò mọ àlejò. Igi kan wà ní Katy tí wọ́n ń pè ní Chinese tallow, tí ewé rẹ̀ máa ń pupa nígbà ìwọ́wé. Ẹyẹ ń gbé kóró tirẹ̀ náà, ó sì ti gba pápá púpọ̀ mọ́ koríko ilẹ̀ yìí lọ́wọ́. Benjamin Franklin fi kóró rẹ̀ ránṣẹ́ sí Georgia ní 1772, àwọn èèyàn sì rò pé láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ní 2011, DeWalt pẹ̀lú Siemann ti Yunifásítì Rice ní Houston àti Rogers tẹ ìwádìí kan jáde lórí jíìnì igi náà. Wọ́n rí i pé igi tó wà lápá Texas níbí ò jọ ti Franklin. Kóró míì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n jọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí àwọn baba ńlá yín sọdá òkun, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Igi ò lè sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń ka oríkì ìdílé rẹ̀. Ibi tí èèyàn ti wá kì í parẹ́ nínú rẹ̀.

9. Ohun tí a óò máa ṣe

Ìmọ̀ tí a ò lò, ẹrù lásán ni. Nítorí náà:

Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó já ewé. Ẹ tọrọ lọ́wọ́ Òsányìn, kí ẹ sì tọrọ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ọgbà ìjọba ní òfin tirẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀.

Ẹ má já igi kan ní ìhòòhò. Ẹ mú díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ igi.

Ẹ fi èso sílẹ̀ fún ẹyẹ. Bí igi ọgbà yín bá gùn jù, ẹ dúró kí waxwing kọjá kí ẹ tó gé e.

Bí ẹ bá fẹ́ gbin yaupon, ẹ ṣa èso lára ìyá márùn-ún ó kéré tán, tí wọ́n jìnnà síra. Ẹ fọ ẹran ara èso kúrò, ẹ gbin kóró sínú ìkòkò níta, kí ẹ máa bomi rin ín. Ẹ má da ìkòkò nù bí kò bá tètè hù. Kóró rẹ̀ lè sùn ju ọdún kan lọ. Sùúrù jẹ́ ara ohun tí igi ń kọ́ wa.

Ní ti pẹ̀rẹ̀gún àti akòko, ẹ bá àwọn ilé òrìṣà míì pààrọ̀ ẹ̀ka, kí ìyá tó wà nílé wa má baà jẹ́ ẹyọ kan. Kí ọ̀kan máa gbé inú ilé nígbà òtútù. Ẹ má sì ti òkè òkun kó igi tàbí kóró wọlé láìgba ìwé àyẹ̀wò tí òfin Amẹ́ríkà béèrè, kí a má baà kó àrùn wá bá igbó tó gbà wá lálejò.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí yaupon abo ò fi lè so èso dáadáa láìsí akọ nítòsí?
2. Darúkọ ìrìn méjì tí jíìnì ń rìn láti igbó kan dé èkejì. Ta ló ń gbé e nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?
3. Ìyá ìyàwó kan ní pẹ̀rẹ̀gún méjìlá lẹ́yìnkùnlé, láti ara ẹ̀ka kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Igi mélòó ló ní lójú àrùn?
4. Nínú ìtàn igbá Òsányìn, kí ni fífọ́n ewé ká ṣe fún àwọn òrìṣà? Kí ló ṣe fún ewé fúnra rẹ̀?
5. Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó dé, lọ wo ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé yín. Kọ igi mẹ́ta sílẹ̀ tó hù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, kí o sì sọ ẹni tí o rò pé ó gbé e wá.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ilé kan náà ò lè dá ẹ̀sìn ṣe. Kí Òsányìn jẹ́ kí ewé wa máa jẹ́, kí ẹyẹ má ṣe kọ igbó wa sílẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa bá ewé nílẹ̀ já. Àṣẹ.